Ẹrù Tó Dé Bọ́lọ́rundúró, Ǹjẹ́ Ìwé Rẹ̀ Bá A Dé?

Bọ́lọ́rundúró kò ní èbúté, kò sì bá orílẹ̀-èdè kankan pààlà. Ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó ló wà, láàárín oko kòkó, òun sì ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó láti ọdún 1996 tí wọ́n ti dá ìjọba ìbílẹ̀ náà sílẹ̀. Bí a bá dárúkọ aṣọ́bodè fún ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀, ohun tó máa wá sí wọn lọ́kàn ni Sẹ̀mẹ̀, Ìdírókò àti wọ́ọ̀fù Àpápá. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó ni, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kó kọ̀ntẹ́nà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tó kún ilé àti ṣọ́ọ̀bù láti Ọ̀wẹnà títí dé Oǹdó: pọ́ńpù tí wọ́n fi ń fín kòkó, oògùn tí wọ́n ń rọ sínú rẹ̀, jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà, ẹ̀rọ ìlọta, sólà, fóònù, táyà, ọkọ̀ tòkunbọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló gba ẹnu ibodè kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ó bá gba ibẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́, ọkàn ẹni tó rà á balẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wàhálà rẹ̀ kì í dúró sí Èkó. Ó ń bá ọjà náà wọ mọ́tò ni, ọrùn ẹni tó rà á kẹ́yìn ló sì máa ń já lé.

Ìdí nìyí tí a fi ń bá àwọn ará Bọ́lọ́rundúró, Oǹdó àti Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀ lórí òfin kíkó ọjà wọlé. Ìgbọràn sí òfin náà ń bẹ̀rẹ̀ kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á lókè òkun, kò sì parí títí ẹni tó fẹ́ lò ó fi béèrè ìwé rẹ̀ kó tó sanwó. Ìjọba náà sì jẹ wá ní gbèsè kan: kò lè máa fi òfin mú àwọn èèyàn tí kò tíì jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí òfin náà sọ.

Àwọn ará ojú ọ̀nà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ẹnu ibodè lè ṣe fún ọjà. Ní sáà kejì ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló di ọ̀nà Èkó mú, wọ́n sì ń tì í nígbà tó bá wù wọ́n. Èyí ló mú kí gómìnà Èkó nígbà náà, John Hawley Glover, wá ọ̀nà mìíràn kó tó kúrò lórí oyè ní ọdún 1872: ọ̀nà tó gba ojú ọ̀sà lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, tó wá gba Oǹdó kọjá sí òkè. Nígbà tí ogun Kírìjì dé, ọ̀nà yìí náà ni ìbọn ìgbàlódé gbà tẹ àwọn Èkìtìparapọ̀ lọ́wọ́. Àwọn baba wa mọ̀ dájú pé ohun tó bá kọjá lẹ́nu ibodè lè yí ayé ẹni tó wà ní àárín oko padà. Àwa ọmọ wọn ló dà bíi pé a ti gbàgbé.

Oògùn oko ni a fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló sún mọ́ ẹ̀mí jù lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni àjọ NAFDAC ti fi òfin de paraquat, oògùn apakoríko tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀ sí Gramoxone. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ó kan chlorpyrifos tí wọ́n fi ń pa kòkòrò. Nígbà tí ọdún 2025 wọlé, ó kan atrazine. Kì í ṣe pé ìjọba kàn fẹ́ ni àgbẹ̀ lára. Paraquat kò ní ẹ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì gbé e mì, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni yóò máa bà jẹ́, dókítà kò sì ní oògùn kan pàtó tí yóò fi dá a dúró. Síbẹ̀ inú ike omi ni ọ̀pọ̀ wa ń bù ú sí, inú yàrá tí ọmọdé ń sùn ni a sì ń gbé e pamọ́ sí.

Báwo wá ni oògùn tí òfin ti dè ṣe lè dé orí tábìlì ní ọjà? Kì í wọ́ wá fúnra rẹ̀. Ẹnì kan rà á lókè òkun, ó kọ orúkọ mìíràn sórí ìwé ẹrù, tàbí ó gbé e gba ojú ọ̀nà ìgbẹ́ láti orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá. Ẹlòmíràn tún un rọ sínú ìgò kékeré, ó lẹ bébà tuntun mọ́ ọn. Nígbà tó bá fi dé ọwọ́ àgbẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Bọ́lọ́rundúró, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Irọ́ tí wọ́n pa fún aṣọ́bodè lórí ìwé ẹrù ló wá di májèlé lórí ewé kòkó.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tán sí oko. Kòkó tí a ń tà gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́nu ibodè àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn dichlorvos tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ tí wọ́n bá lára rẹ̀. Wọ́n ní òṣùwọ̀n irú rẹ̀ fún kòkó pẹ̀lú, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá tì mọ́ kòkó, kì í ṣe ẹni tó kó oògùn èké wọlé ni ebi máa pa. Àwọn tó ń sá kòkó sí ojúde ilé wọn láti Ọ̀wẹnà dé Ilé-Olújì ni. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ tó ra oògùn, kó wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò, kó wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó kó o wọlé, kó sì gba rìsíìtì. Bí ẹni tó ń tà á bá ń bínú nítorí pé a béèrè, kí a lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìwé àwọn ohun tí ìjọba fi òfin dè kàn wà láti fi ìyà jẹ mẹ̀kúnnù ni. A bá wọn kẹ́dùn, nítorí nǹkan ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ìwé náà dáadáa. Bọ́tà kòkó àti ẹ̀tù kòkó wà lára ohun tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó wọlé láti ìlú òkèèrè. Ààbò ta nìyẹn? Ààbò wa ni, àti ti ilé iṣẹ́ Cocoa Products tí wọ́n kọ́ sí Ilé-Olújì kí kòkó wa lè di nǹkan mìíràn kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Táyà àlòkù ọkọ̀ kéékèèké wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ọkọ̀ tó yí gbirigbiri lójú ọ̀nà nítorí táyà tó bẹ́ kò ní béèrè ìdí. Fíríìjì àlòkù, adìẹ dídì àti aṣọ òkìríkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa mọ ibi tí wọ́n ti ń tà wọ́n. Owó ẹyọ pàápàá wà lára ohun tí òfin ní a kò gbọ́dọ̀ kó wọlé rárá. Ẹni tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tàbí tó ń ta nǹkan ọ̀ṣọ́, tó sì fẹ́ rà á láti ìlú òkèèrè, ta ló ti sọ fún un rí?

Ìyàtọ̀ wà láàárín onífàyàwọ́ àti ẹni tí kò mọ̀. Onífàyàwọ́ mọ̀, ó sì yàn án. A kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti fi gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n lára àwọn oníṣòwò tiwa, àwọn tí kò mọ̀ pọ̀ gan-an. Ọ̀dọ́ kan kó owó jọ, ó rí ẹ̀rọ kan lórí fóònù, ó fi owó ránṣẹ́ sí Ṣáínà. Ìgbà tí ẹrù bá dé èbúté ni yóò tó gbọ́ pé ohun kan ń jẹ́ Fọ́ọ̀mù M, pé ilé ìfowópamọ́ ló yẹ kí ó ti bá ṣí i kí ẹrù tó gbéra. Yóò gbọ́ pé ọjà náà gbọ́dọ̀ ní ìwé SONCAP láti fi hàn pé ó dé òṣùwọ̀n. Yóò gbọ́ nípa PAAR, ìwé ìdíyelé tí Aṣọ́bodè fúnra wọn ti ń ṣe láti oṣù Kejìlá ọdún 2013, nígbà tí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ àdáni. Bí ó ti ń sá kiri láti wá àwọn ìwé wọ̀nyí, owó ìdádúró ń gorí kọ̀ntẹ́nà lójoojúmọ́. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ: ìwé ló yẹ kí ó ṣáájú owó.

Nínú gbogbo ìwé náà, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pín ọjà sí ìsọ̀rí, èyí tí àwọn oníwọ́ọ̀fù ń pè ní HS code, ni àwọn èèyàn wa kì í sábà bìkítà fún, òun sì ni egungun ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 2015 tí Nàìjíríà ti ń lo owó ibodè àjùmọ̀ní ti ECOWAS, ìpele márùn-ún ni owó ibodè pín sí: òdo, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní ẹ̀rọ kan àti owó ọkọ̀ rẹ̀ àti ìdójútòfò rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 10 náírà. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá bọ́ sí ìpele 5, owó ibodè rẹ̀ jẹ́ 500,000 náírà, owó orí VAT tí í ṣe 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún á sì jẹ́ 787,500. Bí nọ́ńbà náà bá bọ́ sí ìpele 20, owó ibodè di mílíọ̀nù 2, VAT di 900,000. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, a ò sì tíì ka àwọn owó kéékèèké tó kù. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà tí kò tọ́ sórí ìwé lè san ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè san dín, kí wọ́n wá mú un lẹ́yìn náà.

Ejẹ́ńtì ló máa ń sọ pé, “Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, a máa bá yín kọ ọ́ sí nǹkan míì.” Ẹ̀yin tó ni ẹrù, ẹ gbọ́: orúkọ yín ló wà lórí ìwé náà, kì í ṣe orúkọ ejẹ́ńtì. Aṣọ́bodè ní ẹ̀tọ́ láti padà wá yẹ ìwé oníṣòwò wò lẹ́yìn tí ẹrù ti kúrò ní èbúté, tí ọjà ti tán, tí owó rẹ̀ ti wọ inú ilé kíkọ́. Ní ọjọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí ejẹ́ńtì ti pa nọ́ńbà fóònù rẹ̀ dà. Àwọn ejẹ́ńtì olóòótọ́ wà, iṣẹ́ wọn sì níye lórí. Èyí tó jẹ́ olóòótọ́ nínú wọn kò ní bínú bí ẹ bá ní kó fún yín ní ẹ̀dà gbogbo ìwé tó fi sílẹ̀ lórúkọ yín.

Òfin Aṣọ́bodè tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2023, èyí tó rọ́pò òfin tó ti wà láti ọdún 1958, tilẹ̀ ti la ọ̀nà kan sílẹ̀ tí àwọn oníṣòwò wa kò lò tó. Ẹni tó fẹ́ kó ọjà wọlé lè kọ̀wé sí Aṣọ́bodè ṣáájú, kó béèrè ìsọ̀rí tí ọjà rẹ̀ wà, kí wọ́n sì fún un ní ìdáhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kò sí òṣìṣẹ́ èbúté tó lè ṣàdédé yí ìsọ̀rí náà padà.

Ìṣòro mìíràn wà tó jẹ́ ti àwọn tó ń ṣòwò kékeré bíi tiwa. Kò pọ̀ nínú wa tó lè kún kọ̀ntẹ́nà kan. Ńṣe ni a ń sanwó fún ẹnì kan tí ń kó ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ láti Guangzhou, tó ń gba owó lórí kílò, tí kò sì fún ẹnikẹ́ni ní ìwé. Bí ẹnì kan nínú wọn bá fi ohun èèwọ̀ pamọ́ sínú ẹrù rẹ̀, gbogbo kọ̀ntẹ́nà ni wọ́n máa dá dúró. Ẹni tó fi bátìrì sólà sínú rẹ̀ kò ní ìwé kankan tó lè fi sọ pé, “Tèmi rèé, ó mọ́.” A rò pé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Oǹdó àti Àkúrẹ́, tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń kó owó jọ pẹ̀lú òtítọ́, lè ṣe ohun kan nípa èyí. Kí wọ́n forúkọ ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀, kí wọ́n ṣí Fọ́ọ̀mù M kan, kí orúkọ ọjà ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ìwé. Owó ejẹ́ńtì á dín kù, ẹrù á sì ní olówó tó ṣeé tọ́ka sí.

Ti ẹni tó ń ra ohun kékeré fún ìlò ara rẹ̀ ti rọrùn díẹ̀. Láti ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Aṣọ́bodè kò gba owó ibodè lórí ẹrù tí iye rẹ̀ kò bá ju 300 dọ́là lọ, ìgbà mẹ́rin láàárín ọdún kan. Àmọ́ ohun tí òfin dè, ó dè é náà ni, ì báà jẹ́ dọ́là mẹ́wàá.

A kò lè sọ̀rọ̀ yìí tán láìkan ọkọ̀ tòkunbọ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi gbogbo owó ayé wọn rà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ mọ́. Èbúté nìkan ló kù. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, Hameed Ali tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Aṣọ́bodè nígbà náà ní kí gbogbo onímọ́tò tí kò ní ìwé ibodè wá san owó rẹ̀. Ilé Aṣòfin Àgbà figbe ta, wọ́n sì dá a dúró. Ní ọdún 2019, Aṣọ́bodè ti ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ọkọ̀ pa láti yẹ ìwé wò. Ní ọdún 2024, wọ́n ṣí àyè fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ kí ẹni tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ kò pé wá san owó ibodè pẹ̀lú ìtanràn 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń padà wá. Olùkọ́ tó ra ọkọ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn kò mọ ẹni tó gbé e gba inú igbó orílẹ̀-èdè Benin wá, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa dá dúró lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ wé ti inú ìwé, ẹyọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

A ti bá ará ìlú wí tó. Ó kan ìjọba.

Ẹni tó fẹ́ pa òfin mọ́ gbọ́dọ̀ mọ iye tí òfin yóò ná an, kí iye náà sì dúró sójú kan. Ní ọdún 2023 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, iye dọ́là tí wọ́n fi ń ṣírò owó ibodè ń yí padà débi pé oníṣòwò ń sùn pẹ̀lú iye kan, ó ń jí bá òmíràn. Báńkì Àpapọ̀ ṣe dáadáa ní oṣù Kejì ọdún 2024 nígbà tó ní kí wọ́n máa lo iye ọjọ́ tí oníṣòwò ṣí Fọ́ọ̀mù M rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2025, Aṣọ́bodè tún kéde owó tuntun, ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a ra ọjà. Ariwo sọ, wọ́n dá a dúró. Ó tún padà wá ní oṣù Kẹjọ. Ní oṣù Kẹsàn-án, iléeṣẹ́ ètò ìsúná ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Báwo ni ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ìlọta ní Oǹdó ṣe fẹ́ dá iye lé ọjà rẹ̀ nínú irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀? Kí owó tuntun kankan má ṣe bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti kéde rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, kó má sì kan ẹrù tó ti wà lójú omi.

Ẹ̀bẹ̀ wa kejì jẹ́ nípa ojú ọ̀nà. Ẹrù tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní Àpápá tàbí Lẹ́kí, tí wọ́n ti gba owó rẹ̀, tí wọ́n ti fún ní ìwé, kí ló dé tí wọ́n tún ń já a wò lójú ọ̀nà Èkó sí Ọ̀rẹ̀? Bí ìwé yẹn kò bá tó, kí ni oníṣòwò sanwó fún? Aṣọ́bodè ti ní ètò orí kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n pè ní B’Odogwu. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ lè fi fóònù kékeré béèrè nínú rẹ̀ bóyá ìwé tí wọ́n nà sí i jẹ́ òótọ́, láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹta ló ká wa lára jù. Aṣọ́bodè ní ọ́fíìsì fún ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Èkìtì ní Àkúrẹ́. Àwọn ará ibí mọ ọ́fíìsì náà sí ibi tí wọ́n ń kó ẹrù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ èèyàn lọ. Ó yẹ kó jẹ́ ibi tí èèyàn lè wọ̀ láìbẹ̀rù láti lọ béèrè ọ̀rọ̀. Kí wọ́n tẹ ìwé àwọn ohun tí òfin dè ní èdè Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọjà, kí wọ́n kà á lórí rédíò nígbà tí àgbẹ̀ ti wálé.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó kò nílò àṣẹ láti Abùjá kó tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Gbọ̀ngàn wà ní Bọ́lọ́rundúró. Kí alága ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀wé pe Aṣọ́bodè láti Àkúrẹ́, kó pe NAFDAC, kó pe àwọn tó ń ta oògùn oko àti àwọn olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó, kí wọ́n gbé ìgò tó wà lórí tábìlì ọjà wá síwájú gbogbo èèyàn, kí wọ́n ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè. Kí ìpàdé náà wáyé kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí nígbà náà ni àwọn oníṣòwò máa ń lọ kó oògùn tuntun fún àsìkò ìfín kòkó.